Yanrìn Odò Ògùn: Típà Mẹ́ta Tí Mo Rà Ní Ìṣẹrì

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ra yanrìn létí odò ní Ìṣẹrì, kó wọ bàtà tó le. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn nípa ọgbà yanrìn tí mo ti ra típà mẹ́ta láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, torí pé nínú sálúbàtà tí mo wọ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló bá mi padà sílé. Èkejì wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ títí dòní.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo ń kọ́ síwájú ilé mi lápá Akútẹ, kó lè máa ti owó ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn, èyí tó ń wá lóṣù yìí tí kì í wá lóṣù tó ń bọ̀. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Ìsẹ́yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Agége ni mo parí rẹ̀ sí. "Mọ́mì Jọ́gíráfì" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí ládùúgbò. Nítorí náà, ẹ má bínú bí mo bá fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ tí mo yà sí ọ̀rọ̀ odò. Owó ń bọ̀.

Etí odò Ògùn gan-an ni ọgbà náà wà. Ẹ ó máa gbọ́ ariwo ọkọ̀ lórí afárá Kárà, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá láti ọ̀hún, òórùn màlúù ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Kò sí pátákó orúkọ. Òkìtì yanrìn bíi mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi páìpù gbọọrọ fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi, àti àwọn ọkọ̀ onípákó tí ẹrù ti tẹ̀ débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹnu wọn dọ́gba. Àwọn ọmùwẹ̀ ló ń kó yanrìn inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Mo dúró wo ọ̀kan nínú wọn. Ó gbé garawa dání, ó fa èémí sínú, ó gba ara igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, omi bò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka ọgbọ̀n ó lé díẹ̀ kí orí rẹ̀ tó yọ, garawa kún, ó dà á sínú ọkọ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ná owó yanrìn ọmùwẹ̀ mọ́.

Ọmọkùnrin tó ń tajà kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ Mọ́mì. Ṣé ṣáápù ni àbí ti pílásítà?"

Ṣáápù ni yanrìn oníhóró tí a fi ń po kọ́ńkéré, ti pílásítà ni èyí tó kúnná tí a fi ń rẹ́ ògiri. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti wa á fún mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Inú odò náà ni, Mọ́mì."

"Mo mọ̀ pé inú odò ni, ọmọ mi. Ibo nínú odò?"

Ìgbà yẹn ló tó wò mí dáadáa. Ó ní òkìtì ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà ni wọ́n ti kó o, ní ikùn kọ́nà náà níbi tí omi kì í ti í sáré, ìdí nìyẹn tó fi kúnná. Ti ọwọ́ òsì, àárín gbùngbùn odò ni wọ́n ti fà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí omi ti ń sáré tí kò jẹ́ kí ohun wínníwínní dúró, òun ló ní hóró. Mo fẹ́ẹ̀ béèrè ilé ìwé tó lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo fún ní máàkì ní ìdánwò àṣekágbá kò lè sọ ọ́ tó báyẹn. Omi tó ń sáré ń gbé kékeré lọ, ó ń fi ńlá sílẹ̀. Bó bá ti rẹ omi, á ju kékeré náà sílẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni òwò ṣáápù àti pílásítà dúró lé, ọmọ yìí sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú kí n padà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, kì í ṣe iye owó wọn.

Ó tó àkókò kí n sọ iye owó. ₦190,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lórí típà ṣáápù 20 tọ́ọ̀nù lóṣù Kejì, owó awakọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wà ní títì, tó sún mọ́ ilé mi jù, ń pè é ní owó tó kéré sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n níbi tí yanrìn wọn ti wá, wọ́n ní kí n lọ bi Ọlọ́run. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn, pàápàá ní Èkó. Yanrìn tó bá ti etí òkun wá máa ń ní iyọ̀ lára, iyọ̀ yẹn a sì máa jẹ irin inú kọ́ńkéré díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi wú, tí á bẹ́ ògiri láti inú. Ní Ìṣẹrì, omi dídùn ni odò ṣì jẹ́.

Ṣáápù àkọ́kọ́ yẹn dára, mi ò ní purọ́. Tí ẹ bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ fi ìka rìn ín, ó ń gún yín, ó sì ń dún gìrìgìrì bí gààrí tó yan dáadáa. Mo gbé e sínú oòrùn. Èyí tó pọ̀ jù funfun bí ìgò, ó ń tàn. Àwọn kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, dúdú wínníwínní sì wà láàárín wọn. Bíríkìlà mi, àgbàlagbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí n tó ní ọkọ, bu ìkúnwọ́ kan, ó fún un pọ̀, ó ṣí ọwọ́, yanrìn tú ká, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ó ní, "Ìyá, èyí ò ní ẹrẹ̀."

Àpáta ni yanrìn yẹn tẹ́lẹ̀. Mo mọ àpáta náà, mo ti gbé láàárín wọn nígbà tí mo wà ní Ìsẹ́yìn. Odò Ògùn ṣẹ̀ láti orí àwọn òkè lápá Ṣakí, níbi tí ilẹ̀ ti fi bí 530 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ó gba inú igbó Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba ti sọ di ọgbà tí wọ́n dá ẹranko sí, ó kọjá lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ó la Abẹ́òkúta já lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá, ó wá ń wọ́ bọ̀ ní Ìṣẹrì kó tó da ara rẹ̀ sínú ọ̀sà Èkó. Ìrìn náà tó 480 kìlómítà. Láti òkè títí dé Abẹ́òkúta, orí àpáta líle ló ń rìn, àwọn mọ̀lẹ́bí Olúmọ. Oòrùn á pa àpáta, òjò á rọ̀ sí i, èyí tó rọ̀ nínú rẹ̀ á di amọ̀, èyí tó le, tó funfun bí ìgò, á bọ́ sílẹ̀ ní hóró hóró. Àgbàrá á gbé e sínú odò kékeré, odò kékeré á gbé e fún ńlá. Hóró tó gún mi lọ́wọ́ ní Ìṣẹrì lè ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún rìn. Ọjọ́ kan ló ń sáré, ọdún mélòó kan ni á fi jókòó sínú kọ́nà kan.

Ògùn ni orúkọ odò yìí o. Kì í ṣe Ògún onírin, kì í ṣe ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fọ́mọ, kì í sì í ṣe oògùn ibà. Àwọn tó ń ka ìròyìn ń pè é bó ṣe wù wọ́n, ó sì máa ń dùn mí. Yemọja làwọn àgbà mọ̀ ní olódò náà. Ibí ni orúkọ yẹn ti bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà àti Bùràsíl, tí wọ́n fi ń pè é ní Yemayá àti Iemanjá lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì wá fún un ní odindi òkun. Yemọja ló ni yanrìn, ọmọkùnrin yìí ló ń gbowó rẹ̀.

Ìrìn kejì: pílásítà, oṣù Kẹfà. Yanrìn náà kúnná, kò burú. Ẹjọ́ mi wà lórí bí ó ṣe tó. Típà kún dé ẹnu nígbà tó kúrò ní Ìṣẹrì, èmi fúnra mi rí i. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí oòrùn ti pa á, òkìtì náà ti rẹlẹ̀ débi pé mo kọ́kọ́ ń fi ojú olè wo àwọn lébìrà. Bíríkìlà ló là mí lóye. Yanrìn tó bá lọ́rinrin máa ń wú: omi á bo hóró kọ̀ọ̀kan bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní jẹ́ kí wọ́n fara ro ara wọn. Tó bá gbẹ, wọ́n á súnra kì, àyè á ṣẹ́ kù. Nítorí náà, inú típà tó kún fún yanrìn tútù, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹ san owó rẹ̀. Gbogbo ọgbà tó ń tà pẹ̀lú típà ló ń ṣe é, wọn ò sì purọ́ fún yín, àfi pé wọn ò bá yín sọ ọ́. Ẹ ra èyí tó ti lò tó ọ̀sẹ̀ kan lókè, tó ti jo omi rẹ̀ dànù.

Ìrìn kẹta ló dà wá pọ̀.

Ìparí oṣù Kẹsàn-án wọ oṣù Kẹwàá ni. Mo nílò ṣáápù fún kọ́ńkéré orí fèrèsé, ọwọ́ ń kán bíríkìlà, mo fi fóònù pè wọ́n, mi ò lọ wò ó. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Típà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó dà á sílẹ̀, ó lọ. Láàárọ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fún un, mo ṣí ọwọ́, ó dúró síbẹ̀ bí ẹ̀bà.

Mo mú ìgò kọfí kan, mo bu yanrìn sí i dé ìdajì, mo fi omi kún un, mo ta iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbé e sójú fèrèsé di ọjọ́ kejì. Ohun tí mo fi máa ń dá àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn ní Ìsẹ́yìn. Mo ti ṣe é fún ti oṣù Kejì: yanrìn rọ̀ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò nípọn ju etí ìwé lọ. Ti oṣù Kẹwàá yìí, ẹrẹ̀ orí rẹ̀ tó ìbú ìka mi kan, ó pọ́n bí omi ẹ̀lùbọ́. Ẹrẹ̀ yẹn a máa bo ara hóró yanrìn, sìmẹ́ǹtì kò ní rí nǹkan gbá mú, kọ́ńkéré á sì máa rún lọ́jọ́ iwájú.

Mo gbé ìgò náà dání, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹrì. Mi ò rí ọgbà tí mo mọ̀. Odò ti gun òkè wá bá òkìtì, omi pupa ti gba ibi tí àwọn típà máa ń dúró, òkìtì mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, ìdí wọn sì ti rin gbingbin. Ọmọkùnrin náà wo ìgò, ó wo mí, ó ní, "Mọ́mì, odò ló fà á o, kì í ṣe èmi."

Mo ní, "Odò kọ́ ni mo sanwó fún."

Ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbi tó ń sọ. Òjò kò tilẹ̀ rọ̀ púpọ̀ ní Ìṣẹrì lọ́sẹ̀ yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á gbójú sókè wo ojú ọ̀run Èkó, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Omi tó wà níwájú wa, òjò Ṣakí ni, òjò Ìsẹ́yìn, òjò Ìgànná. Òrùlé páànù ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Gbogbo òjò tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé, ibi kan náà ni yóò ti dà sílẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ti dá. Ilẹ̀ tó lé ní 20,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ni òrùlé odò Ògùn. Òfíkí, Ọ̀pẹ̀kí àti Ọyán ni àwọn ojú páànù tó ń gbé e wá, Ìṣẹrì sì ni a wà, nísàlẹ̀ ọ̀sọ̀rọ̀. Lókè pátápátá, lápá àríwá Ṣakí, ni téńté òrùlé wà. Ẹ̀kán òjò méjì lè bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á yí sí gúúsù, á bá Ògùn wá sí Èkó. Ìkejì á yí sí àríwá, á bá odò Mọ́ṣí lọ sínú Ọya, á gba Lọ́kọ́jà kó tó rí òkun.

Ìdídò (dáàmù) tún wà níbẹ̀. Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ti Ọyán, tó ń dá omi tó tó 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì dúró. Ti Ìkẹ̀rẹ̀, lápá Ìsẹ́yìn, tóbi jù ú lọ, 690 mílíọ̀nù. Tí Ọyán bá kún lásìkò òjò, àfi kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má baà bẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń kìlọ̀ fún àwa tó wà nísàlẹ̀. Lọ́dún 2010, omi yẹn lé àwọn ará Àjegúnlẹ̀ ti ojú ọ̀nà Ìkòròdú jáde nílé wọn. Mi ò bá ìdídò jà. Omi Ọyán yìí náà ni odò ń gbé wá sí Akútẹ, tí wọ́n ti ń fà á lọ sí Ìjù àti Àdìyàn fún ẹ̀rọ omi Èkó. Omi tí mo fi fọ aṣọ ìgbéyàwó mi nìyẹn, kí ẹ̀rọ tó dákẹ́ ládùúgbò wa.

Bí omi bá ya bo ilẹ̀ báyìí, á dẹwọ́ ìrìn, gbogbo amọ̀ tó ti ń gbé bọ̀ láti òkè á sì jókòó lórí ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, títí kan òkìtì yanrìn tí èmi ti sanwó rẹ̀. Ẹni tó ń ta yanrìn ní Ìṣẹrì mọ èyí ju èmi lọ. Ó yẹ kó sọ fún mi lórí fóònù. Kò sọ. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Wọ́n fún mi ní ìdajì típà míì lọ́fẹ̀ẹ́, láti inú òkìtì ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n kó sórí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn ọgbà (ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí!), ṣùgbọ́n èmi ni mo san owó awakọ̀. Elẹ́rẹ̀ yẹn, a fi kún ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti hù lórí rẹ̀, ó sì ń ṣe dáadáa.

Ohun kan wà tí mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo béèrè bóyá ẹ̀rù kì í bà wọ́n pé wọ́n ń fa yanrìn tó báyìí, ọ̀gá ọgbà, ẹni tó dàgbà díẹ̀, ní, "Yanrìn odò kì í tán, Ìyá. Bẹ́ ẹ bá kó o lónìí, á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀." Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ láyé bàbá rẹ̀. Àmọ́ omi tí ìdídò bá dá dúró kì í lè gbé yanrìn rẹ̀ kọjá. Hóró ńlá á rì sísàlẹ̀ adágún, amọ̀ àti omi nìkan ni yóò gba ojú ìlẹ̀kùn jáde. Èyí tó wà lẹ́yìn Ìkẹ̀rẹ̀ àti Ọyán kò bọ̀ ní Ìṣẹrì. Àwọn odò kéékèèké tó kù ṣì ń gbé díẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn lè fà lọ́sẹ̀ kan ohun tí mi ò rò pé odò lè dá padà lọ́dún kan. Ẹ wo etí bèbè tó kọjú sí ọgbà wọn. Lóṣù Kejì, igi ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀ tó dúró ṣánṣán. Nígbà tí mo gbé ìgò lọ lóṣù Kẹwàá, ó ti fì sórí omi, gbòǹgbò rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan wà ní gbangba. Mo fi hàn ọ̀gá. Ó ní òjò ni.

Tí ẹ bá bi mí pé kí ẹ lọ síbẹ̀, mo ní kí ẹ lọ, láti oṣù Kejìlá sí ìparí oṣù Kẹta. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ béèrè òkìtì ọwọ́ òsì, ẹ fún yanrìn náà pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó sanwó. Láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá, ẹ má rà á àyàfi èyí tí wọ́n bá fi hàn yín lórí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún yanrìn ẹ̀ẹ̀rùn wọn ní mẹ́rin àtààbọ̀, ti òjò ní ọ̀kan, ọmọkùnrin náà ní mẹ́rin. Ì bá gba márùn-ún tó bá sọ òótọ́ lórí fóònù.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kẹrin ṣì kù tí a kò tíì dà. Mo pè é ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kó bá mi ya típà kan sọ́tọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà o."